Oòrùn Kì Í Ná Ọjà

"Ó tún ti lé o! Tẹniọlá, ó tún ti lé!"

Bàbá Gbádégẹṣin ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ṣí fìlà lórí, ó ń fi í fẹ́ra bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán. Òun ni Olórí Àáró ìlú Òkè-Ọ̀sán, ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo sólà tó wà lórí àpáta wà. Níta, lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tilẹ̀ ti dá orin.

Tẹniọlá kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ìlà méjì lójú ẹ̀rọ bí ìyá tí ń wo ọmọ méjì tó fẹ́ jà. Ìlà búlúù ni ti àwòṣe: iye iná tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣírò pé sólà yóò máa mú wá. Ìlà pupa ni ti òkè gan-an: iye tí sólà ń mú wá lóòótọ́. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì sùn lé ara wọn lórí. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni ìlà pupa ti gun búlúù lórí, tó jókòó síbẹ̀ bí àkùkọ orí òrùlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n má pàtẹ́wọ́ mọ́."

"Kí ló dé? Iná pọ̀, o ní ká má yọ̀? Láyé bàbá mi, bí iná bá fojú hàn fún wákàtí kan péré, gbogbo àdúgbò ni yóò hó yèè!"

"Ayé bàbá yín kọ́ la wà yìí, Bàbá. Kí ni àwọn ọmọ iléèwé ń kọ lórin?"

Bàbá Gbádégẹṣin dé fìlà rẹ̀ padà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ẹni tó ṣèlérí agbọ̀n kan, tó gbé méjì wá, kò mọ oko ara rẹ̀."

"Ẹ ṣeun."

Iná kò ṣeé tà mọ́ láti ìgbà tí àwọn ìlú ti padà sí àáró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Òkè-Ọ̀sán a máa fi iná ránṣẹ́ sí Ẹ̀bá-Ọ̀sà, níbi tí ìkùukùu etí òkun kì í ti í fún oòrùn láyè. Nígbà òjò, tí ìkùukùu bá wá jókòó sórí àpáta tiwọn, Ẹ̀bá-Ọ̀sà a fi iná tí ìgbì òkun ń yí jáde dá ọjọ́ náà padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn baba ńlá ṣe ń bá ara wọn kọ ebè. Ṣùgbọ́n ebè tó pọ̀ jù kì í jóná. Iná tó pọ̀ jù ti jó ilé bátìrì ìlú kan kanlẹ̀ rí, láti ọjọ́ náà ni òfin sì ti sọ pé bí àwòṣe àti sólà kò bá bára mu ní Ọjọ́ Ìfiwéra, ìbáà jẹ́ pé iná kéré, ìbáà jẹ́ pé ó pọ̀, ìlú náà yóò jáde nínú àáró títí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Òní ni Ọjọ́ Ìfiwéra.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì Tẹniọlá sì nìyí. Lọ́dún tó kọjá, ó gbàgbé láti ṣírò eruku ọyẹ́. Iná kéré sí ìlérí, wọ́n sì dárí jì í nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Wọn kì í dárí ji ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì. Bí ti òní bá tún yẹ̀, wọn yóò gba Òjìji lọ́wọ́ rẹ̀.

Inú kọ̀ǹpútà náà ni Òjìji wà. Òkè-Ọ̀sán kejì ni, ilé fún ilé, igi fún igi, àpáta fún àpáta, tí oòrùn tirẹ̀ ń yọ, tó sì ń wọ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ dé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé Òjìji. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọsàn yóò sọ fún un, ẹni tó bá fẹ́ kan òrùlé yóò sọ fún un. Nígbà tí Baálẹ̀ ra agbòòrùn ńlá fún àgbàlá rẹ̀ tí kò sọ, Òjìji pè é lórí fóònù láàárín ìpàdé pé, "Baálẹ̀, òkùnkùn kékeré kan wà lórí yín tí n kò mọ̀ rí."

Sólà olójú méjì tó wà lórí òkè, inú Òjìji ni Tẹniọlá ti bí i. Ó tẹ́ ìpele tín-ín-rín lé ìpele tín-ín-rín bí ẹni tẹ́ ẹní. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sá jáde lára èyí tó nípọn jù, a ká a, a tún un tẹ́. Egbèje ìgbà ló pa á, egbèje ìgbà ló tún un bí, kò sì fọ́ gíláàsì kan ṣoṣo. Nígbẹ̀yìn, ó rí èyí tí iwájú rẹ̀ ń mu oòrùn ojú ọ̀run, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń lá ìwọ̀nba tí ilẹ̀ bá dá padà. Lórí àpáta dúdú, ìwọ̀nba náà kò tó nǹkan. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn sí i bí inú olóko ṣe ń dùn sí èso orí ilẹ̀.

"Òjìji," ni ó pè, "ṣé oòrùn yí padà ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Tẹniọlá. Oòrùn kò yí padà."

"Ṣé ooru dín kù ni, tí sólà fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Ooru wà níbi tó wà."

"Fa àwọn ọjọ́ ẹ̀yìn jáde fún mi."

Ìlà náà jáde. Pupa gun búlúù lórí, ó gùn ún, ó tún gùn ún, lójijì ó wá sùn lé e lórí jẹ́ẹ́ fún odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ó tún gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ, tó ń bọ̀, bí ẹni tó ní àdéhùn. Tẹniọlá dìde lórí ìjókòó. Bí nǹkan bá ti rí rúdurùdu báyìí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í sì í bàjẹ́. Ó dà bí àlọ́ àpamọ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ wà lórí ahọ́n.

"Ọjọ́ wo ni àwọn tó sùn yìí?"

"Ọjọ́ ọjà ni gbogbo wọn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tẹniọlá. "Ọjọ́ ọjà? Oòrùn kì í ná ọjà, Òjìji."

"Èmi náà kò rí i níbẹ̀ rí."

Fóònù Bàbá Gbádégẹṣin dún. Ó gbọ́ ọ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń kọrin níta. "Afiwéra ti gbéra. Kò ní pẹ́ dé."

Afiwéra ni ẹni tí ìlú tó ń gba iná máa ń rán wá, kí ó wá fi àwòṣe wé sólà.

"N kò tíì mọ ohun tó fà á, Bàbá."

"Mo mọ ohun tí a lè ṣe." Àgbàlagbà náà lọ sí kọ̀rọ̀, ó mú aṣọ òfì rẹ̀ tó nípọn bí awọ, èyí tí ó máa ń fi bora nígbà ọyẹ́. "Gba èyí. Gun òkè lọ, bo sólà mélòó kan lójú. Pupa yóò wálẹ̀, yóò sùn lé búlúù, Afiwéra yóò fọwọ́ sí i, yóò sì lọ."

"Ẹ̀tàn nìyẹn."

"Ẹ̀tàn kẹ̀? Ṣé a jalè ni? Ohun tó pọ̀ jù là ń bò. Ẹni tó ga ju ẹnu ọ̀nà, ó ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣé a ó wá pè é ní òpùrọ́?"

Tẹniọlá ń wo aṣọ náà. Ó rántí òjò. Ó rántí ẹ̀rọ tó ń fa omi gun òkè wá, ilé tútù tí tòmátì gbogbo ìlú wà, gílóòbù orí ibùsùn àwọn aláboyún. Gbogbo rẹ̀, iná Ẹ̀bá-Ọ̀sà ló ń gbé e nígbà òjò. Ó wo Òjìji, ó wo igi ọsàn kéékèèké inú rẹ̀, tí ó mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹní mọ orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀.

Ó gba aṣọ náà.

Ọ̀nà orí àpáta gbóná lábẹ́ bàtà. Àwọn sólà náà to lọ ní ìlà-ìlà lórí òpó gíga, a lè rìn gba abẹ́ wọn láìtẹríba. Láàárín ìlà kan sí èkejì ni àwọn obìnrin sá láfún wọn sí, funfun báláú, láti ẹnu géètì títí dé bèbè àpáta. Ìyá Jọláadé, ìyàwó Bàbá Gbádégẹṣin, jókòó sábẹ́ òjìji sólà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀pá gígùn kan ń yí láfún láìdìde.

"Onímọ̀ kọ̀ǹpútà! Òní lo rántí pé oòrùn ń ràn níta?"

"Ẹ kú oòrùn, ẹ̀yin ìyá mi."

"Má tẹ láfún mi o! N kì í fi ẹsẹ̀ ènìyàn ro ọkà."

"N kò ní tẹ̀ ẹ́, Ìyá Jọláadé."

"Aṣọ òfì ta lo gbé dání nínú ooru yìí? Ṣé otútù ń mú sólà ni?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Tẹniọlá náà fipá rẹ́rìn-ín, ó ń fò láti ibi kan sí ibì kan bí adìyẹ tó ń ṣọ́ra fún omi, títí ó fi dé ìlà ìkẹyìn níbi tí wọn kò ti lè rí i. Bàbá Gbádégẹṣin tẹ̀ lé e, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn méjèèjì ju aṣọ náà bo sólà kan lójú, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tẹniọlá fa fóònù rẹ̀ yọ láti wo sólà náà gan-an. Ó yẹ kí ó ti sùn lọ, bí adìyẹ tí a dé mọ́ abẹ́ agbọ̀n.

Kò sùn. Ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló ṣì ń mú wá.

"Bàbá, ṣé aṣọ yìí lu ni?"

"Aṣọ tí wọ́n hun fún mi níjọ́ ìgbéyàwó mi? Kí ló lè lù ú?"

Tẹniọlá tún wo fóònù. Iwájú ti fọ́jú. Ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn tí kò yẹ kó lá ju ìwọ̀nba. Ó wọ abẹ́ sólà náà, ó na ọwọ́, ó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò.

Ìmọ́lẹ̀ ń ti ilẹ̀ bọ̀. Ó wo ilẹ̀, láfún ló rí, láfún tí ó ti ń fò kọjá láti ìsàlẹ̀ wá, tí ó sì ti ń jẹ láti kékeré. Ìgbà òjò ni ó wá wọn àpáta yìí sínú Òjìji, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í sá nǹkan kan. Àpáta dúdú ni ó bá, àpáta dúdú ni ó kọ sílẹ̀.

"Ìyá Jọláadé!" Ó sáré gba àárín sólà padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ láfún. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ kì í sá láfún síbí lọ́jọ́ ọjà?"

"Ṣé o ti mu nǹkan kan láàárọ̀ yìí ni? Lọ́jọ́ ọjà, kí ni láfún ń wá lórí àpáta? Ọjà ló ń lọ!"

Tẹniọlá kígbe ayọ̀, ó dì mọ́ ìyá náà, ó sì fi ẹ̀kẹ́ lé ẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Oòrùn kì í ná ọjà! Láfún ló ń ná an!"

"Ẹ gbà mí," ni Ìyá Jọláadé ń wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "kọ̀ǹpútà ti dà á lórí rú."

"Ta ló fún yín ní kọ́kọ́rọ́ géètì yìí?" ni Tẹniọlá bi wọ́n. " Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ọgbà."

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Ìyá Jọláadé fi ọ̀pá yí láfún díẹ̀. "Ewúrẹ́ ń yọ wá lẹ́nu nísàlẹ̀. Ẹnì kan rí i pé ewúrẹ́ kò lè wọ ọgbà yìí. Ẹnì kan tó fẹ́ràn àtijẹ oúnjẹ alẹ́ nílé mi."

Bàbá Gbádégẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni pé ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rí i.

Tẹniọlá ti sáré padà lọ sídìí ìlà ìkẹyìn. Kò tilẹ̀ ronú lé e kí ó tó wọ́ aṣọ òfì náà kúrò lójú sólà. Bí ó ṣe ń ká a mọ́ra ni ariwo kan ti òkè wá. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, tí kò ní awakọ̀, ń sọ̀kalẹ̀ láàárín ìlà méjì.

"Láfún mi!" ni Ìyá Jọláadé kígbe. "Ẹ má bà síbẹ̀! Láfún mi o!"

Ọkọ̀ kì í gbọ́ èdè. Afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ gbá láfún dìde, ó fi í ṣe ìkùukùu, ó sì fọ́n ọn ká sí kòtò àti gegele. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ṣí, obìnrin gíga kan tó wọ aṣọ dúdú sọ̀kalẹ̀. Kí ó tó fi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀, ó ti funfun láti orí dé bàtà.

Tẹniọlá wo fóònù rẹ̀. Ìlà pupa ti já wálẹ̀, ó ń sún mọ́ búlúù. Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ń fi mí ṣẹ̀rín?" ni àlejò náà bi wọ́n, ó ń gbọn láfún ojú rẹ̀ nù.

"Ẹ má bínú, Mà. Ayọ̀ ni. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi dáhùn ìbéèrè kan ni."

"Ayédùn ni mí, Afiwéra láti Ẹ̀bá-Ọ̀sà. Èmi náà ní ìbéèrè kan." Ó na ìka funfun sí aṣọ òfì. "Láti òkè ni mo ti rí yín tí ẹ fi aṣọ yẹn bo sólà. Mo sì rí ọ tí o tún ṣí i. Ewo ni kí n gbà?"

Tẹniọlá lè sọ pé ìborùn àwọn ìyá ni. Irọ́ náà ti dúró lẹ́nu rẹ̀, ó ti wọ bàtà.

"Iná wa pọ̀ ju ìlérí lọ, Mà, n kò sì mọ ìdí. Mo bò ó kí ẹ má baà mọ̀ pé àwòṣe mi kò pé. Nígbà tí mo bò ó ni mo wá mọ ìdí rẹ̀."

"Aṣọ mi ni," ni Bàbá Gbádégẹṣin sọ, ó bọ́ síwájú. "Ẹnu mi ni ìmọ̀ràn ti jáde. Bí ẹ bá máa bá ẹnì kan wí, ẹ bá arúgbó wí."

Ìyáàfin Ayédùn wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Fi ìdí rẹ̀ hàn mí."

Tẹniọlá fà á lọ sí abẹ́ sólà tí láfún ṣì wà nídìí rẹ̀, ó ní kí ó dojú àtẹ́lẹwọ́ kọlẹ̀. Ó mọ́lẹ̀. Ó tún fà á lọ síbi tí ọkọ̀ ti gbá. Àtẹ́lẹwọ́ ṣókùnkùn. Obìnrin náà tún padà sí ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ó ń yí ọwọ́ síwá sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì ń là díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ẹ ti sọ fún Òjìji pé láfún wà níbí?"

"Rárá, Mà."

"Òfin ní ohun tó bá dé ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Òjìji." Ó gbójú sókè wo oòrùn. "Ṣùgbọ́n òfin kan náà ní ilẹ̀kùn Òjìji ṣí sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi dúró ṣánṣán lórí. Kò tíì dúró. Àwòṣe tí kò pé ṣeé tún ṣe, ọmọ mi. Ẹni tó bá tijú àtisọ ọ́ ni a kì í bá ṣe àáró. Kí lẹ ń dúró wò?"

Iṣẹ́ wá dé. Ìyá Jọláadé di ọ̀gá. "Ìwọ, gbá a láti bèbè wá! Ìwọ, má kó o jọ bí òkìtì, tẹ́ ẹ! Gbádégẹṣin, kúnlẹ̀, ṣé o rò pé láfún ń gun òkè wá bá ọwọ́ ni?" Olórí Àáró kúnlẹ̀. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀ gun òkè wá, wọ́n bá wọn tẹ́ ẹ. Ìyáàfin Ayédùn náà ká apá aṣọ rẹ̀. "Ẹja ni a máa ń sá nílé wa," ni ó wí, "láfún kò lè gbọ́n ju ẹja lọ."

Tẹniọlá gbé fóònù sẹ́nu. "Òjìji, láfún wà lórí àpáta."

"Kí ni láfún?"

Gbogbo àwọn obìnrin hó lẹ́ẹ̀kan náà. "Kò mọ láfún! Irú ìlú wo ló wà nínú rẹ̀ ná?"

"Ohun funfun ni, tí a ń tẹ́ sílẹ̀," ni Tẹniọlá dáhùn. Ó kọjú ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ ara fóònù sí ọ̀run, ó kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀. "Ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ju ìdajì lọ. Gbà á, kí o tẹ́ ẹ láti géètì dé bèbè."

"Mo ti tẹ́ ẹ. Ó rẹwà," ni Òjìji wí. Tẹniọlá kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Lójú fóònù, ìlà búlúù mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, bí omi nínú àmù. Pupa náà ń padà sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ́ láfún. Oòrùn dúró ṣánṣán lórí. Àwọn ìlà méjèèjì pàdé, wọ́n sùn lé ara wọn lórí, kò sì sí ẹni tó lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

"Lọ́jọ́ ọjà ńkọ́?" ni Ìyáàfin Ayédùn béèrè.

"Mo ti kọ ọjọ́ ọjà sínú ìlérí," ni Òjìji dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ohun gbogbo tó wà nínú mi ní ẹni tó ni ín. Orúkọ ta ni kí n kọ sí láfún?"

Ìyá Jọláadé nu ọwọ́ sí ìró. "Ṣé pé èmi náà ti di òṣìṣẹ́ iná?"

"Ẹ ti di ìdajì sólà, Mà," ni Tẹniọlá wí.

"Bí ara mi kò bá yá lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

"Ìlú yóò bá yín sá a. Àáró ni."

"Kọ́kọ́rọ́ géètì ńkọ́?"

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Gbádégẹṣin. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́rùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ariwo sọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn sínú fóònù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ baba àti ti agbo ilé, Òjìji sì ń dá a pè lẹ́yìn wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ó má baà ṣì wọ́n pè.

Ìyáàfin Ayédùn fọwọ́ tẹ ojú fóònù tirẹ̀. Ọ̀nà iná ṣí. Ó gbé fóònù náà sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti etí òkun: ẹ̀rọ kan tají, òmíràn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ariwo àwọn ọmọdé gba gbogbo rẹ̀, wọ́n ń hó yèè.

"Ẹ gbọ́!" ni Bàbá Gbádégẹṣin wí, ojú rẹ̀ ń dán. "Bí ti ayé bàbá mi gẹ́lẹ́!"

"Kí ni kí n sọ fún wọn pé ó ń tan iná wa?" ni Afiwéra béèrè, láfún ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

Kí Tẹniọlá tó dáhùn, fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Àǹtí Tẹniọlá, ẹ má bínú. Ohun kan ń jẹ ìmọ́lẹ̀."

Ìlà pupa ti mì. Gbogbo wọn yíjú sí géètì. Nínú ayọ̀, kò sí ẹni tó rántí tì í. Ewúrẹ́ pupa kan dúró láàárín láfún, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí ti àgbà ìlú, ó ń jẹun láìkánjú, mẹ́rin mìíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Igbe tí Ìyá Jọláadé ké, àpáta dá a padà. Ìyáàfin Ayédùn ló kọ́kọ́ gbéra. Ó ti bọ́ bàtà, ó gbé e sókè bí kùmọ̀.

"Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìlérí?" ni Òjìji béèrè.

Gbogbo wọn ti ń sáré.